Ìbéèrè Kan Náà, Ìdáhùn Méjì: Bí Bìrìtéènì Ṣe Dìbò Jáde Kúrò ní Yúróòpù

Ní ọjọ́ Karùn-ún oṣù Kẹfà ọdún 1975, àwọn ará Bìrìtéènì jáde láti fi ìbò dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé kí orílẹ̀-èdè wọn dúró nínú ẹgbẹ́ ọjà àpapọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, àbí kí ó kúrò? Mílíọ̀nù 17.38 èèyàn ni wọ́n ní kí ó dúró. Ní ọjọ́ Kẹtàlélógún oṣù Kẹfà ọdún 2016, wọ́n tún fi ìbéèrè yẹn siwájú wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, mílíọ̀nù 17.41 ni wọ́n ní kí ó kúrò.

Iye àwọn tó borí fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣùgbọ́n ìdáhùn wọn takora. Ọdún mọ́kànlélógójì ló wà láàárín ìdìbò méjèèjì. Nínú ìtàn ọdún wọ̀nyẹn ni ẹ̀kọ́ wà fún orílẹ̀-èdè yòówù tó bá ń jiyàn bóyá kí òun kúrò nínú ẹgbẹ́ tí òun àti àwọn aládùúgbò jọ dá sílẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò sì gbẹ́yìn nínú irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ lónìí.

Ìfẹ́ kọ́ ló kọ́kọ́ gbé Bìrìtéènì dé Yúróòpù. Nígbà tí Faransé, Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn, Ítálì, Belgium, Netherlands àti Luxembourg fọwọ́ sí ìwé àdéhùn wọn ní ìlú Róòmù ní oṣù Kẹta ọdún 1957, Bìrìtéènì dúró lápá kan, ó ń wòran. Ó ṣì ń ṣàkóso ọ̀pọ̀ ilẹ̀ lókè òkun, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Lójú àwọn aláṣẹ rẹ̀, ọ̀nà jíjìn ni ọjà wọn wà, kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò. Kò pẹ́ tí ojú wọn fi là. Ghana gba òmìnira lọ́dún 1957, Nàìjíríà gba tirẹ̀ lọ́dún 1960, ọrọ̀ ajé àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́fà náà sì ń gbèrú ju ti Bìrìtéènì lọ.

Ní ọdún 1961, olóòtú ìjọba Harold Macmillan lọ kan ìlẹ̀kùn. Ààrẹ Faransé, Charles de Gaulle, ni kò jẹ́ kí wọ́n ṣí i fún un. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1963, ó ṣàlàyé pé ará erékùṣù ni àwọn èèyàn náà, pé òkun àti òwò ọ̀nà jíjìn ló mọ́ wọn lára, ìwà àti ìṣe wọn kò sì bá ti àwọn mẹ́fà náà mu. Harold Wilson tún kan ìlẹ̀kùn náà ní ọdún 1967, de Gaulle tún kọ̀. Ìgbà tí bàbá náà fipò sílẹ̀ ní ọdún 1969 ni ọ̀nà tó là. Edward Heath ló mú Bìrìtéènì wọlé ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1973, pẹ̀lú Ireland àti Denmark. Nígbà yẹn, àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ti ṣe òfin tán. Òfin ìrànwọ́ fún iṣẹ́ àgbẹ̀ bá àwọn àgbẹ̀ Faransé lára mu, nígbà tí Bìrìtéènì, tó ń ra púpọ̀ nínú oúnjẹ rẹ̀ láti òkè òkun, ń san owó tó pọ̀ ju èyí tó ń rí gbà lọ. Àròyé nípa owó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún tí wọ́n wọlé.

Heath kò béèrè lọ́wọ́ ará ìlú kó tó wọlé. Wilson, tó gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 1974, ló ṣèlérí pé òun yóò tún àdéhùn náà dúnàá-dúrà, òun yóò sì gbé e síwájú ará ìlú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ará ìlú ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Inú ilé tirẹ̀ ni iná ti ń jó. Ẹgbẹ́ òṣèlú Labour ti pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ náà, débi pé Wilson ní láti gba àwọn mínísítà rẹ̀ láyè kí wọ́n máa ta ko ara wọn ní gbangba. Roy Jenkins ń polongo pé kí wọ́n dúró. Tony Benn, Michael Foot àti Barbara Castle ń polongo pé kí wọ́n jáde. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1975, ìpàdé àpapọ̀ pàtàkì tí ẹgbẹ́ Labour ṣe dìbò pé kí Bìrìtéènì kúrò, bẹ́ẹ̀ olórí ẹgbẹ́ náà ni ó ń rọ ará ìlú pé kí wọ́n dúró.

Àwọn tó wà lẹ́yìn ìjáde kò bára wọn mu rárá. Benn jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó gbà pé àwọn tó ń ṣòfin fún èèyàn gbọ́dọ̀ jẹ́ àwọn tí èèyàn lè fi ìbò lé kúrò. Enoch Powell, tó ti di ọ̀tá àwọn àjòjì láti ọdún 1968, ń jà fún ọlá ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Westminster. Àwọn méjèèjì kò lè jọ jẹun nínú àwo kan, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni wọ́n fẹ́ kí èèyàn tẹ ìka sí. Ní ìhà kejì, Margaret Thatcher, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di olórí ẹgbẹ́ Conservative, wọ ẹ̀wù òtútù tí wọ́n hun àsíá àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù sí lára, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró.

Ohun tó mú ará ìlú dúró kò ju ọbẹ̀ àti ẹ̀rù lọ. Owó ọjà ń gòkè lọ́nà tí wọn kò rí rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1974, iná mànàmáná wọ́n débi pé ọjọ́ mẹ́ta péré lọ́sẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi ń ṣiṣẹ́. Ogun Àgbáyé Kejì kò tíì ju ọgbọ̀n ọdún lọ, ọ̀pọ̀ tó jà nínú rẹ̀ sì wà láyé. Ìdá 67.2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò ló ní kí Bìrìtéènì dúró.

Àríyànjiyàn náà kan ilẹ̀ Áfíríkà gan-an. Ọ̀kan nínú ẹ̀sùn àwọn tó fẹ́ jáde ni pé Bìrìtéènì ti já àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth jù sílẹ̀, àwọn tó ń ta ṣúgà, kòkó àti èso fún un. Ní ọjọ́ Kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kejì ọdún 1975, orílẹ̀-èdè 46 láti Áfíríkà, Karíbíánì àti Pàsífíìkì fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú Yúróòpù ní ìlú Lomé, ní Togo, kí púpọ̀ nínú ọjà wọn lè máa wọ Yúróòpù láìsan owó ibodè. Nàìjíríà wà lára àwọn tó ṣáájú nínú ìdúnàá-dúrà náà. Ní ọjọ́ Kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún, ọjọ́ mẹ́jọ péré ṣáájú ìdìbò Bìrìtéènì, orílẹ̀-èdè 15 fọwọ́ sí ìwé ìdásílẹ̀ ECOWAS ní ìlú Èkó. Ní oṣù tí Bìrìtéènì ń jiyàn bóyá kí òun jáde, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń wọ ẹgbẹ́ tirẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún 1975, ẹgbẹ́ Yúróòpù yí padà, àwọn òṣèlú Bìrìtéènì náà sì yí padà. Ní ọdún 1983, Labour ló ṣèlérí pé òun yóò mú orílẹ̀-èdè náà kúrò. Nígbà tó fi di ọdún 1988, Thatcher tó wọ ẹ̀wù àsíá ló ń ké gbàjarè ní ìlú Bruges pé Yúróòpù fẹ́ di ìjọba kan ṣoṣo. Àdéhùn Maastricht ti ọdún 1992 sọ ọjà àpapọ̀ di Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, pẹ̀lú ètò owó kan ṣoṣo tí Bìrìtéènì kọ̀ láti bá wọn ná. Ní ọdún 2004, orílẹ̀-èdè mẹ́wàá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, púpọ̀ nínú wọn láti ìlà-oòrùn Yúróòpù. Bìrìtéènì, Ireland àti Sweden nìkan ló ṣílẹ̀kùn iṣẹ́ fún wọn láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Àwọn òṣìṣẹ́ láti Poland àti Lithuania dé ní ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀, wọ́n sì dé àwọn ìlú kéékèèké tí àjòjì kì í sábà dé.

Bí iná ṣe jó nínú ilé Wilson, bẹ́ẹ̀ ló jó nínú ilé David Cameron. Àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ Conservative ń bá a jà, ẹgbẹ́ UKIP sì ń fa àwọn olùdìbò rẹ̀ lọ. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2013, ó ṣèlérí ìdìbò. Ó gbà pé òun yóò borí bí Wilson ṣe borí.

Àríyànjiyàn ọdún 2016 le ju ti ìṣáájú lọ. Àwọn tó fẹ́ jáde kọ ọ́ sí ara bọ́ọ̀sì pupa kan pé mílíọ̀nù 350 pọ́n-ùn ni Bìrìtéènì ń fi ránṣẹ́ sí Yúróòpù lọ́sẹ̀. Àjọ tó ń bójú tó ìṣirò ìjọba ní iye náà ń ṣi èèyàn lọ́nà, nítorí pé wọn kò yọ ẹ̀dínwó tí Bìrìtéènì ń gbà kúrò nínú rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ dúró náà fi ìbẹ̀rù ṣe ohun ìjà. Wọ́n ń ka iye owó tí ìdílé kọ̀ọ̀kan yóò pàdánù. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìdìbò, wọ́n pa Jo Cox, obìnrin aṣòfin tó wà lára àwọn tó fẹ́ dúró.

Òfin ìdìbò náà fún ọmọ Commonwealth tó ń gbé Bìrìtéènì láyè láti dìbò. Ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ní Peckham lè dìbò, ṣùgbọ́n ọmọ Poland tó jẹ́ aládùúgbò rẹ̀ kò lè dìbò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an ni wọ́n ń sọ. Àwọn kan lára àwọn tó fẹ́ jáde sọ fún àwọn èèyàn Commonwealth pé bí a bá dín àwọn ará Yúróòpù kù, àyè yóò wà fún ẹ̀yin. Síbẹ̀, ní Southwark, níbi tí Peckham wà, ó ju ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún lọ tó ní kí wọ́n dúró.

Ìdá 51.9 ló ní kí wọ́n jáde. Yorùbá ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Apẹja dìbò jáde nítorí ẹja. Òṣìṣẹ́ ní Sunderland, níbi tí ilé iṣẹ́ Nissan ti ń ṣe ọkọ̀ tí wọ́n ń tà sí Yúróòpù, dìbò jáde. Olówó tó fẹ́ kí òfin ìjọba dínkù dìbò jáde, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó fẹ́ kí ìjọba túbọ̀ dáàbò bo òun. Àwọn méjì tó kẹ́yìn yìí kò lè rí ohun tí wọ́n ń fẹ́ gbà papọ̀, ṣùgbọ́n ìbò wọn wọ inú àpótí kan náà.

Òtítọ́ yìí jáde ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Cameron ti kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìdìbò. Theresa May gbé àdéhùn ìjáde wá, àwọn aṣòfin sì dà á nù nígbà mẹ́ta ní ọdún 2019. Ní ọjọ́ Kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta ọdún náà, wọ́n gbé ọ̀nà mẹ́jọ kalẹ̀ kí wọ́n mú ọ̀kan: láti kúrò láìsí àdéhùn kankan títí dé orí pípadà sọ́dọ̀ ará ìlú. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tí ìbò rẹ̀ pọ̀ tó. Ọdún kẹta ti ń parí lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti ní àwọn ń lọ, wọn kò tíì fẹnu kò lórí ibi tí wọ́n ń lọ.

Ẹnubodè Ireland ló há wọn lọ́fun jù. Nǹkan bí kìlómítà 500 ni ààlà tó wà láàárín Àríwá Ireland, tó wà lábẹ́ Bìrìtéènì, àti Ireland tó dúró sí Yúróòpù. Lẹ́yìn ìjà ọgbọ̀n ọdún tó pa èèyàn tó ju 3,500 lọ, àdéhùn àlàáfíà ọdún 1998 ti jẹ́ kí ààlà náà dà bí ẹni pé kò sí. Ìgbà tí wọ́n dìbò tán ni púpọ̀ nínú ará ìlú tó gbọ́ pé ẹni tó bá kúrò lọ́jà àpapọ̀ ní láti ní ibi tí aṣọ́bodè yóò dúró sí. Níkẹyìn, Boris Johnson gbé ibi àyẹ̀wò ọjà náà sí ojú òkun, láàárín apá méjì orílẹ̀-èdè tirẹ̀. Bìrìtéènì jáde ní ọjọ́ Kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020.

Àwọn tó dìbò jáde nítorí àjòjì rí ohun tí wọn kò retí. Àwọn ará Yúróòpù tó ń wọlé dínkù, ṣùgbọ́n ìjọba nílò nọ́ọ̀sì, olùtọ́jú arúgbó àti akẹ́kọ̀ọ́ tó ń san owó gọbọi. Àwọn ọmọ Íńdíà àti Nàìjíríà wà lára àwọn tó pọ̀ jù tó rọ́ wọlé. Láàárín ọdún kan tó parí sí oṣù Kẹfà ọdún 2023, iye tí àwọn tó ń wọlé fi ju àwọn tó ń jáde lọ kọjá 900,000, iye tí kò ṣẹlẹ̀ rí kí wọ́n tó dìbò. Púpọ̀ nínú ìdílé Yorùbá tó ṣí lọ sí Bìrìtéènì ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn gba ọ̀nà tí ìdìbò náà là.

Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní oṣù Karùn-ún ọdún 1975 náà ti rí tirẹ̀. Mauritania jáde kúrò nínú ECOWAS ní ọdún 2000. Ní ọjọ́ Kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, àwọn ológun tó ń ṣèjọba ní Mali, Burkina Faso àti Niger kéde pé àwọn ti kúrò. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ìjáde wọn fìdí múlẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀sùn tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. ECOWAS fìyà owó àti ọjà jẹ Niger lẹ́yìn tí wọ́n gbàjọba ní oṣù Keje ọdún 2023, Nàìjíríà sì já iná mànàmáná wọn, ará ìlú tí kò gbàjọba ló sì jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ìyà náà. Ṣùgbọ́n kò sí èyí nínú wọn tó pe ará ìlú sí ìdìbò.

A lè sọ pé ìdìbò kò ran Bìrìtéènì lọ́wọ́. Kì í ṣe ìdìbò ló ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tí kò pé ni wọ́n bi ará ìlú: wọ́n ní ṣé kí a lọ, wọn kò sọ ibi tí a ń lọ. Àwọn ológun Sahel kò tilẹ̀ béèrè ìlàjì yẹn. Nígbà tí ECOWAS gbé ìjìyà kúrò ní oṣù Kejì ọdún 2024, ìjọba Niger kò ṣí ẹnubodè rẹ̀ sí Benin. Oníṣòwò àlùbọ́sà tó máa ń gba orí afárá láti Gaya wọ Malanville kò sí níbi tí wọ́n ti ṣe ìpinnu náà, àlùbọ́sà rẹ̀ kì í sì í dúró de ìpàdé àwọn aláṣẹ kó tó rà.