Láti Ìwé Ìròyìn Dé Orí Fóònù: Bí Ìròyìn Ilé-iṣẹ́ Ṣe Ń Dé Etí Oníṣíà

Ìtàn tí mo mú wá kan àpò ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a fi ìlú Bìní ṣe ilé. Ilé mélòó nínú wa ni kò sí ìwé ṣíà nínú àpótí, bóyá èyí tí a fowó ara wa rà, bóyá èyí tí òbí fi sílẹ̀?

Ọdún 1961 ni Ọjà Ṣíà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó. Láyé ìgbà náà, àwọn alágbàtà a péjọ, wọn a máa pe orúkọ ilé-iṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òfin tí ìjọba ológun ṣe ní 1972 àti 1977, pé kí ilé-iṣẹ́ òyìnbó ta ìpín fún ọmọ Nàìjíríà, ló sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di oníṣíà. Ẹni tó wà ní Bìní a dúró de ìwé ìròyìn, ìwé ìṣirò ọdọọdún a sì gba ilé ìfìwéránṣẹ́ wá. Bí lẹ́tà bá sọnù, ó parí nìyẹn. Ní April 1999, kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ ìpè náà.

Ṣùgbọ́n iye owó nìkan ni ìròyìn tó ń yára. Ní ìparí 2006, Cadbury Nigeria kéde pé wọ́n ti bu iyì tí kò sí lé ìṣirò owó rẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Ní March 2008, òǹkà ọjà kọjá 66,000. Kí ọdún kan tó yí po, ó ti já sí nǹkan bí 20,000. Àwọn báǹkì kan ti ń yá ara wọn lówó bí ìparí ọdún ìṣirò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, kí ìwé wọn lè dán. Aṣọ àyálò ni, mo sì rò pé owó ṣíà tó ń gòkè ló dí wa lójú. Ní August 2009, Sanusi, gómìnà Báǹkì Àpapọ̀, yọ ọ̀gá báǹkì márùn-ún. Ní August 2011, wọ́n gba ìwé àṣẹ Afribank, Bank PHB àti Spring Bank. Owó àwọn tó fi owó pamọ́ kò ṣòfò. Ti oníṣíà lọ pátápátá.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé álẹ́ẹ̀tì iye owó kò tó. Lónìí, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ìṣirò oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ránṣẹ́ sí Ọjà láàárín 30 ọjọ́, ti ọdún tí aṣàyẹ̀wò-owó ti yẹ̀ wò láàárín 90 ọjọ́. Ẹ fi ọjọ́ wọ̀nyí sínú kàlẹ́ńdà fóònù, kó máa dún fúnra rẹ̀. Bí ọjọ́ bá kọjá tí ìṣirò kò jáde, ẹ bi alágbàtà yín. Ọjà náà a máa kọ MRF sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ tó bá pẹ́. Google Alerts, tó ti wà láti 2003, kò gba kọ́bọ̀: ẹ kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ síbẹ̀, ìròyìn rẹ̀ yóò máa wọ ímeèlì yín. Kódà Presco tó wà ní Obaretin níbí àti Okomu, tí a lè fojú rí oko wọn, ẹ ṣe é fún wọn. Igi ọ̀pẹ kì í sọ iye gbèsè.

Lẹ́yìn àsọyé, àwọn ọ̀dọ́ yóò wà nídìí tábìlì kan láti bá yín ṣètò rẹ̀. Ẹ fi ìwé ṣíà sílẹ̀ nílé. Fóònù àti orúkọ ilé-iṣẹ́ ni kí ẹ mú wá.