Derek Sivers: Olórin Tó Di Oníṣòwò Íntánẹ́ẹ̀tì, àti Tísà Tó La Ọ̀nà Fún Un

Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ kọ́ wa níwèé, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ṣa kòkòrò kúrò nínú ẹ̀wà alẹ́, mo kí yín o.  

Ìtàn ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan ni mo fẹ́ sọ fún yín lọ́dún yìí. Kì í ṣe ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa, kò tilẹ̀ mọ̀ pé a wà láyé. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ka ìtàn rẹ̀, àwọn tísà wa ni mo ń rántí. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú un wá síbí.

Derek Sivers lorúkọ rẹ̀, ọdún 1969 ni wọ́n bí i. Oníṣòwò orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n sí, bẹ́ẹ̀ orin ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó di ọmọ ọdún 17, wọ́n gbà á sí Berklee, ilé-ẹ̀kọ́ gíga orin tó wà ní Boston. Kó tó wọlé, ó rí ìpolówó kan, ló bá tẹ ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀ láago ní Chicago. Kimo Williams ló gbé fóònù, olórin tó ti jáde ní Berklee, tó sì ti ṣe tísà níbẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ dọ̀rọ̀, Kimo ní ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin yẹn, òun lè fi ọ̀nà tí yóò fi parí ní ọdún méjì hàn án. Ó ní kó wá bá òun ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ kejì, òun ò ní gba kọ́bọ̀.

Aago mẹ́sàn-án ku ogún ìṣẹ́jú ni ọmọ ti dé. Ó dúró síta títí ó fi ku ìṣẹ́jú kan, ó wá tẹ aago ẹnu ọ̀nà. Kimo sọ lẹ́yìn náà pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni òun máa ń pè bẹ́ẹ̀, ekukáká ni ẹnì kan fi ń wá. Láàárín wákàtí mẹ́ta, ó kọ́ ọ ní ohun tí Berklee ń fi sáà kan kọ́ ọmọ. Kò jẹ́ kó mí. Bó bá ti dáhùn ìbéèrè kan, òmíràn ti dé. Ìgbà bíi mélòó kan ni wọ́n pàdé bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Sivers dé Berklee tó ṣe ìdánwò ìwọlé, iṣẹ́ sáà mẹ́fà ni wọ́n ní kó fò. Ọdún méjì àbọ̀ ló fi parí, ọmọ ogún ọdún ni nígbà tó gboyè.

Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe, ní New York ni, lọ́dọ̀ Warner/Chappell, ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ àwọn tó ń kọ orin. Yàrá tí wọ́n ń kó téèpù sí ni wọ́n fi í sí. Nígbà tó yá, ó fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀, ó ń fi gìtá jẹun. Ó tiẹ̀ bá Ryuichi Sakamoto, gbajúmọ̀ olórin ará Jàpáàn, ṣeré.

Ní 1997, ó ń gbé ní Woodstock, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ New York. Ó ti ṣe àwo CD tirẹ̀, ó ń wá ẹni tí yóò bá a tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ilé ìtajà ńlá ní àfi kó gba ọ̀dọ̀ alágbàtà ńlá kọjá. Ló bá ní òun á tà á fúnra òun. Kí bánkì tó gbà kó máa gba owó orí káàdì, bí oṣù mẹ́ta ló fi ń kọ ìwé, ó sì ná an ní bí $1,000. Ó ra ìwé, ó fi kọ́ ara rẹ̀ ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà.

Gbàrà tó ṣe tán, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní kó bá òun ta tòun náà. Òmíràn tún dé. Ẹni tí kò mọ̀ rí tún dé. Bí iṣẹ́ tí kò pète ṣe di CD Baby ní 1998 nìyẹn. Ó lọ sí ilé ìtajà rẹ́kọ́ọ̀dù kan ní ìlú rẹ̀, ó bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń bá olórin tà. Wọ́n ní olórin ló ń dá iye lé ọjà rẹ̀, àwọn ń yọ $4 lórí CD kan, ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ làwọn sì ń sanwó. Ohun tóun náà mú lò nìyẹn, ó wá ń gba $35 láti fi gbé àwo tuntun kọ̀ọ̀kan sórí àtẹ. $500 péré ló fi bẹ̀rẹ̀.

Ohun tójú olórin ń rí, ojú tirẹ̀ náà ti rí i, nítorí náà òfin mẹ́rin ló fi lélẹ̀: kí olórin gba owó rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó mọ orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ra àwo rẹ̀, kí wọ́n má lé e bí ọjà rẹ̀ kò bá tà, kí ẹnikẹ́ni má sì lè fi owó ra iwájú àtẹ.

Ní 2003, ìdánwò dé. Apple ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ọjà orin iTunes, wọ́n pe Sivers àti àwọn mìíràn, wọ́n ní àwọn fẹ́ orin àwọn olórin tó dá dúró. Ó kéde fún àwọn èèyàn rẹ̀, ó sì gba $40 lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kí orin òun débẹ̀. Àwọn tó san án tó 5,000. Oṣù ń gorí oṣù, ìwé àdéhùn kò padà dé. Ní oṣù kẹwàá, Steve Jobs, olórí Apple, sọ̀rọ̀ ní gbangba tó fi hàn pé irú ètò $40 bẹ́ẹ̀ kò wù wọ́n. Sivers kò wá àwáwí. Ó dá owó gbogbo wọn padà, $200,000, ó sì tọrọ àforíjì. Lọ́jọ́ kejì gan-an ni ìwé àdéhùn wá dé! Síbẹ̀, ọ̀fẹ́ ló ṣe iṣẹ́ náà láti ìgbà yẹn lọ, ó sì pinnu pé òun ò tún ní ṣèlérí ohun tí kò sí níkàáwọ́ òun.

Nígbà tó fi di 2008, olórin bí 150,000 ló ti gbé ọjà sọ́dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti sú u. Ó tà á fún Disc Makers ní $22 mílíọ̀nù. Kó tó tà á, ó ti kọ ìwé pé kí wọ́n kó owó náà sábẹ́ àwọn alágbàtọ́jú. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni wọn yóò máa fún un lọ́dún nígbà tó bá wà láyé. Bó bá kú, ẹ̀kọ́ orin ni wọn yóò fi ìyókù ràn lọ́wọ́. Ní 2020, CD Baby ti ilé ìtajà tirẹ̀ tó ti ń ta àwo pa. Owó ẹ̀kọ́ yẹn ò bá àwo lọ ní tirẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀kọ́ orin ló fún? Lójú tèmi, láti ẹnu ọ̀nà Kimo ló ti bẹ̀rẹ̀.

Àwa náà ní Kimo tiwa. Ẹ ó rántí tísà Ìṣirò wa láìjẹ́ pé mo dárúkọ wọn. Ẹ̀yìnkùlé wọn ni wọ́n máa ń pè mí sí lálẹ́, tàwọn ti àtùpà, wọn ò gba kọ́bọ̀. Ìṣirò yẹn ni mo fi ṣiṣẹ́ ní bánkì fún ọdún mẹ́tàlélógún. Ní gbogbo ìgbà yẹn, mo ń wí pé n ó lọ kí wọn. Ìwé ìsìnkú wọn ló wá bá mi ní ọ́fíìsì. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Èmi ni ọlọ́ṣà ọ̀hún.

Ẹ̀yin tí tísà yín ṣì wà láyé, tí wọ́n jókòó sínú gbọ̀ngàn yìí, ẹ dìde kí ẹ lọ bá wọn. Ní tèmi, ọmọ kan wà ní ilé-ẹ̀kọ́ wa tí mo ń kọ́ ní Ìṣirò lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbogbo Sátidé. Aago mẹ́sàn-án la fi àdéhùn sí. Ó máa ń pẹ́ dé, ṣùgbọ́n ó ń wá.