Ìbọn Tí Wọ́n Ki Lẹ́ẹ̀mejì

Ọdẹ ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Bàbá Ọdẹ ni gbogbo wa ń pè wọ́n, kódà lẹ́yìn tí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, tí wọn ò lè lọ sígbó lóru mọ́. Ìbọn ṣakabùlà wọn máa ń fẹ̀yìn ti ògiri yàrá, wọ́n á fi àkísà dí i lẹ́nu. Òfin kan wà lórí ìbọn yẹn tí kò ní àwáwí nínú: ẹni tó bá ki í ni yóò yìn ín. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ bá wọn ki í, ì báà ṣe ọmọ bíbí inú wọn. Èmi rò pé èèwọ̀ Ògún ni. Lọ́dún Kérésì kan tí a wá sábúlé, mo bi wọ́n pé, "Bàbá, kí ló dé tí Bùọ̀dá ò lè bá yín ki í?" Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ìbọn ò mọ̀ pé ẹ ò gbọ́ ara yín yé."

Kò yé mi. Ó tó ogún ọdún lẹ́yìn ìgbà yẹn, tí mo ti di ẹni tó ń kọ kóòdù jẹun, kí n tó ka ìtàn ọdẹ òyìnbó kan tó là mí lójú.

Ìlú London ni wọ́n bí Frederick Courteney Selous sí lọ́dún 1851. Ọdún 1871 ló gúnlẹ̀ sí Gúúsù Áfíríkà, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Owó eyín erin ló ń wá. Ó mú ìbọn gidi dání, àmọ́ wọ́n jí i gbé. Ló bá ra méjì nínú ìbọn ńláńlá ayé àtijọ́ tí wọ́n ń ki láti ẹnu, iṣẹ́ ọwọ́ Isaac Hollis ní Birmingham, £6 ni ọ̀kan. Four-bore ni wọ́n ń pe irú ìbọn bẹ́ẹ̀. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé tí o bá pín òjé tó wọn pọ́n-ùn kan sí mẹ́rin, ìdá kan nínú ẹ̀ ni ọta tó máa wọ ẹnu ìbọn náà rẹ́gí. Ọta kan ṣoṣo tó wọn nǹkan bíi gíráàmù 113! Ìbọn fúnra ẹ̀ ò ju kílò 5.7 lọ, kò sì wúwo tó fún irú iṣẹ́ yẹn.

Ẹ̀tù ńkọ́? Ẹ̀tù olówó pọ́ọ́kú tí àwọn oníṣòwò ń kó wá tà fún àwọn èèyàn Áfíríkà ni Selous ń lò. Inú àpò awọ tó so mọ́ ara ló ń kó o sí. Tó bá fẹ́ ki ìbọn, á ti ọwọ́ bọ àpò, á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á dà á sẹ́nu ìbọn, ó parí. Báyìí ló ṣe pa erin 78 láàárín ọdún 1872 sí 1874.

Lọ́jọ́ kan báyìí, ọ̀kan nínú ìbọn yìí kọ̀, kò dún. Ẹni tó ń bá a gbé ìbọn gbà á, ó tún ki ẹ̀tù àti ọta mìíràn lé èyí tó ṣì wà nínú ẹ̀. Selous gba ìbọn padà, ó kọjú ẹ̀ sí erin, ó fà á. Ìbọn náà gbé e kúrò nílẹ̀, ó yí i po lófuurufú, ó sì fi ojú ẹ̀ gbálẹ̀. Ìbọn fò kọjá léjìká ẹ̀, ó lọ bọ́ sókèèrè. Nígbà tó máa dìde, kò lè gbé apá ọ̀tún sókè. Ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde lábẹ́ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ níbi tí igi ìbọn ti ya á. Igi yẹn kì í sì í ṣe igi lásán o: awọ inú etí erin ni wọ́n fi dì í nígbà tó ṣì tutù, tó bá ti gbẹ á le bí irin. Síbẹ̀, ó fọ́ yángá. Selous fúnra ẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé A Hunter's Wanderings in Africa tó gbé jáde lọ́dún 1881 pé ohun tó ya òun lẹ́nu jù ni pé ọ̀pá irin ìbọn náà ò bẹ́.

Ìgbà tí mo ka ibí yìí ni ọ̀rọ̀ Bàbá Ọdẹ padà sọ sí mi lọ́kàn. Níbi iṣẹ́ tiwa, a mọ àṣìṣe yìí dáadáa. O fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì dákú, ojú fóònù kàn ń yí. O ò mọ̀ bóyá ó ti lọ. O tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Àṣé ti àkọ́kọ́ ti lọ. Wọ́n wá yọ owó lẹ́ẹ̀mejì. Kò sẹ́ni tó ya ọ̀lẹ tàbí òmùgọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó ń tún nǹkan ṣe ni kò lè rí ohun tó ti wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ tiwa, báńkì lè dá owó padà. Ta ló fẹ́ dá àtàǹpàkò padà?

Jẹ́ ká wò ó díẹ̀ ní ti ìṣirò, torí kì í ṣe àlọ́. Láti ọdún 1687 ni Isaac Newton ti kọ ọ́ pé bí nǹkan bá ti nǹkan mìíràn síwájú, òun náà á gba ìtì bákan náà sẹ́yìn. Ká sọ pé ọta gíráàmù 113 jáde ní mítà 400 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìbọn tó wọn kílò 5.7 máa padà sẹ́yìn ní nǹkan bíi mítà 8 ní ìṣẹ́jú-àáyá, a ò tíì ka èéfín ẹ̀tù mọ́ ọn. Ìyẹn ń lọ sí kìlómítà 29 ní wákàtí kan. Ìyára ọ̀kadà inú àdúgbò nìyẹn, egungun èjìká rẹ ni bíréèkì. Tí wọ́n bá wá ki í ní ìlọ́po méjì, tí ọta méjèèjì sì jáde ní ìyára kan náà, ìyára tí ìbọn fi ń padà á di ìlọ́po méjì, àmọ́ agbára tó fi ń gbá èèyàn á di ìlọ́po mẹ́rin. Ó sì tún ba nǹkan mìíràn jẹ́ fún Selous. Nígbà tó yá, ó kọ ọ́ pé ó wu òun kí òun má ti fọwọ́ kan irú ìbọn yẹn rí, torí wọ́n ti kó jìnnìjìnnì sí òun lára, wọ́n ba ìfojúsùn òun jẹ́. Ẹni tí ara ẹ̀ ti ń retí ìgbájú á máa gbọ̀n kó tó fa ìbọn.

Ti ọ̀pá ìbọn ló wá burú jù. Èjìká tó wú lè sàn. Irin tó bẹ́ kò ní àtúnṣe. Tí ẹ̀tù bá gbiná, á di afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń wá ọ̀nà àbáyọ. Bí ọta bá tètè jáde, ó bùṣe. Bí ohunkóhun bá dí i lọ́nà, ì báà jẹ́ ẹrẹ̀, koríko tàbí ọta tó dúró sí agbedeméjì tí kò wọlẹ̀ dé orí ẹ̀tù, ibi tí ìdíwọ́ wà ni irin á ti wú bí ikùn aláboyún, tàbí kó ya.

Ìpata náà ń ṣiṣẹ́ tiẹ̀ ní jẹ́ẹ́jẹ́. Tí ẹ̀tù dúdú bá jó tán, ohun tó ju ìdajì ìwọ̀n ẹ̀ lọ kì í di afẹ́fẹ́, ṣe ló ń di èérí tó ń lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá, èérí yẹn sì máa ń fa omi mọ́ra. Nínú igbó tiwa tí ìrì ń sẹ̀ lóròòru, ẹ rò ó wò. Ìdí nìyẹn tí Bàbá Ọdẹ fi ń da omi gbígbóná sínú ìbọn wọn tí wọ́n bá ti oko ọdẹ dé, kí wọ́n tó fẹnu kan oúnjẹ. Tó bá gbẹ, wọ́n á fi epo pa á nínú.

Àwọn òyìnbó mọ̀ pé ọ̀pá ìbọn lè pa ẹni tó ni ín. Ọdún 1637 ni ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹgbẹ́ àwọn aṣebọn London níwèé àṣẹ, ara iṣẹ́ tí wọ́n sì gbà ni pé kí wọ́n máa dán ọ̀pá ìbọn wò. Wọ́n á ki ẹ̀tù tó ju bó ṣe yẹ lọ sínú ẹ̀, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á tanná sí i láti òkèèrè. Èyí tó bá bẹ́, ó bẹ́. Èyí tó bá yè é, wọ́n á lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Ọdún 1813 ni òfin dá irú ilé ìdánwò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Birmingham. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí: kí nǹkan bàjẹ́ níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní fara pa, kó má baà bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó rà á.

Àmọ́ wo ọdún yẹn dáadáa. Òfin fòpin sí òwò ẹrú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1807. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń fi ìbọn Birmingham ṣe pàṣípààrọ̀ èèyàn ní etíkun wa, òfin 1813 ò tíì sí. Láàárín ọdún 1760 sí 1769, ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì kan, Shelburne, kọ ọ́ pé ó ju ìdajì lọ nínú ìbọn tí wọ́n ń ṣe fún Áfíríkà tó máa bẹ́ mọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ yìn ín lọ́wọ́. Ó lè ti fi iyọ̀ kún un, torí oníbàárà tí ọjà bẹ́ mọ́ lọ́wọ́ kì í padà wá. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ọjà ara wọn nìyẹn, wọ́n sì ń tà á.

Ó wá ku èyí tó dùn mí jù. Nígbà tí ogun Kírìjì ń jà láàárín 1877 sí 1893, ìbọn ìgbàlódé tí wọ́n ń ki láti ìdí ti ń dún ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn ọmọ Èkìtì tó wà ní Èkó ló bá àwọn Èkìtì Parapọ̀ wá a. Àwọn baba wa ò kọ ìbọn tuntun, wọ́n sì mọ̀ ọ́n lò. Àmọ́ lọ́dún 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù àtàwọn mìíràn fọwọ́ sí Òfin Brussels. Ó fòfin de kíkó ìbọn ìgbàlódé wọ apá tó pọ̀ jù ní Áfíríkà. Èyí tí wọ́n fàyè gbà fún títà ni ìbọn olókùúta iná tí kò ní ìlà nínú, àti ẹ̀tù lásán. Wọ́n ní torí òwò ẹrú ni. Ó sì bọ́ sí àsìkò tí àwọn fúnra wọn ń gba ilẹ̀ wa pẹ̀lú ìbọn arọ̀jò-ọta.

Nítorí náà, tí o bá rí ọdẹ tó gbé ṣakabùlà kọ́rùn lónìí, má rò pé ojú ọdẹ ò là. Òfin wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí ti òkè òkun ò wá mọ́ bíi tàtijọ́, àwọn alágbẹ̀dẹ tiwa gbà á ṣe. Wọ́n ń fi páìpù omi àti irin ìwakọ̀ mọ́tò àlòkù ṣe ọ̀pá. Ọwọ́ wọn dá ṣáṣá. Àmọ́ páìpù tí wọ́n jó ojú ẹ̀ pọ̀ láti gbé omi kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀tù, kò sì sí ilé ìdánwò tó máa kọ́kọ́ ki í ju bó ṣe yẹ lọ, tó máa lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Ọwọ́ ọdẹ ni ilé ìdánwò.

Nígbà tí Bàbá Ọdẹ papòdà, lẹ́yìn ìsìnkú, Bùọ̀dá ló tó sọ ìdí òfin yẹn fún mi. Nígbà tí bàbá ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn kan jọ lọ sígbó. Bàbá ki ìbọn ọ̀rẹ́ ọ̀hún bá a níbi tó ti ń ya ẹ̀gún kúrò lẹ́sẹ̀, wọ́n sì sọ fún un. Kò gbọ́. Ó tún un ki. Ọ̀pá bẹ́ lẹ́bàá ìdí, àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e lọ. Bàbá ò padà sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú àwa ọmọ, òfin yẹn nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀.

Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ló máa jẹ́ kí wọ́n kọjú ẹ̀ sí òun? Ìbọn tó rọgbọ̀ọ́ dúró lára ògiri kì í sọ ohun tó wà nínú ẹ̀ fún ẹnì kankan. Bùọ̀dá na ọ̀pá tí bàbá fi ń ki ìbọn sí mi, ó fi àmì kan hàn mí tí wọ́n fi ọ̀bẹ fín sára ẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń rí àmì yẹn, mo rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Ó ti ọ̀pá náà bọ inú ìbọn. Tí àmì bá ṣe déédéé pẹ̀lú ẹnu ìbọn, inú ẹ̀ ṣófo. Tí àmì bá yọ sókè, nǹkan wà níbẹ̀.

Àmì ṣe déédéé. Ó tún yọ ọ́, ó tún tì í bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, kó tó gbé ìbọn náà fún mi.