Sódàbì: Ọtí Tí Òfin Lé Wọ Igbó

Ní Kétu, ní Ṣábẹ àti ní Àjàṣẹ́, ọtí líle kì í jìnnà sí ibi tí a bá ti ń júbà àwọn baba ńlá wa. Nígbà kan, jínì láti Schiedam ní ilẹ̀ Netherlands ni ó gbajúmọ̀. Ìtàn sọ pé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ọmọ ogun kan tí ó ń jẹ́ Sodabi mú ọgbọ́n sísè ọtí ti ilẹ̀ Faransé bọ̀, ó sì fi se ẹmu ọ̀pẹ. Orúkọ rẹ̀ ni ọtí náà ń jẹ́ títí di òní. Ògógóró ni àwọn ará Nàìjíríà ń pè é.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 1919, àwọn ìjọba amúnisìn fọwọ́ sí àdéhùn ní Saint-Germain-en-Laye tí ó ka sísè irú ọtí bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ ní Áfíríkà. Jínì òkèèrè ń san owó ibodè. Tiwa sá wọ igbó.

Ojú, imú, ahọ́n àti iná ni àwọn tí kò ní ohun èlò ìwọ̀n fi ń dán an wò. A ó fi díẹ̀ pa àtẹ́lẹwọ́, a ó gbóòórùn ọ̀pẹ. A ó ta díẹ̀ sí iná: èyí tí omi bá pọ̀ nínú rẹ̀ kì í gbiná. Lẹ́yìn náà ni a ó fi ètè kàn án, a kì í gbé e mì lẹ́ẹ̀kan.

Síbẹ̀, agbára ọtí nìkan ni iná ń fi hàn. Ọtí olóró náà a máa gbiná. Nítorí náà, kí a tó tọ́ ọ wò, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè: ta ni ó sè é?