Ọwọ́ Àwọn Ìyá Wa Ni Ìwé Ìtàn Wa

Nígbà ọdún, a máa ń sọ ìtàn ọba, ìtàn ogun àti ìtàn orò. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ lọ́dún yìí wà nínú ìkòkò.

Bí àlejò bá bi wá pé kí ni oúnjẹ ìbílẹ̀ wa, kíá la ó dáhùn: ẹ̀kọ, òkà àgbàdo, gàrí, àkàrà, ọbẹ̀ tó ta. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ohun èlò wọn ti wá. Àgbàdo kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Mẹ́síkò ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìn ín, láàárín ọdún 1500 sí 1600 ni ọkọ̀ àwọn Potogí gbé e dé etíkun wa. Ọkà bàbà ló ṣáájú rẹ̀ níbí. Ata, tòmátì àti ẹ̀pà náà, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá. Gbágùúdá, tí àwọn mìíràn ń pè ní ẹ̀gẹ́, láti Bùràsíìlì ni. Kódà ewé tíìkì tí àwọn ẹlẹ́kọ kan fi ń pọ́n ẹ̀kọ, igi ilẹ̀ Éṣíà ni. Nínú àwọn ohun tí à ń jẹ lójoojúmọ́, iṣu, ẹ̀wà, ilá, epo pupa àti irú ni àgbà onílé.

Ṣé ká wá sọ pé oúnjẹ wa kì í ṣe tiwa ni? Rárá o. Ohun ọ̀gbìn lè ti òkèèrè wá, ọwọ́ tó sọ ọ́ di oúnjẹ ni tiwa. Ọwọ́ yẹn gan-an ni ogún, òun náà ló sì lè sọnù.

Ẹ wo ẹ̀kọ. Ìyá ẹlẹ́kọ á rẹ àgbàdo sínú omi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, títí yóò fi rọ̀. Á fọ̀ ọ́, á lọ̀ ọ́, á sẹ́ ẹ, á jẹ́ kó sílẹ̀ di ògì, kó sì kan. Lẹ́yìn náà ni yóò ro ó lórí iná títí yóò fi ki, kó tó pọ́n ọn sínú ewé. Kíkan yẹn ló ń jẹ́ kí ẹ̀kọ pẹ́ láìbàjẹ́, tí àgbẹ̀ fi lè gbé e lọ sóko. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń fi ọkà bàbà ṣe ògì. Àgbàdo dé, ó bá ọ̀nà nílẹ̀.

Ti gbágùúdá tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé májèlé wà nínú rẹ̀, pàápàá èyí tó korò. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú dì ní Bahia ní 1835, ọ̀pọ̀ àwọn tó ti gba òmìnira padà sí Àjùdá, Àjàṣẹ́ àti Èkó. Àwọn là ń pè ní Àgùdà. Wọ́n wà lára àwọn tó mú kí ìmọ̀ gàrí tàn kálẹ̀ lọ́dọ̀ wa. À ń bó o, à ń rin ín, à ń dì í sápò, à ń gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè ro dànù kó sì kan, ká tó jọ̀ ọ́, ká tó yan án. Gbogbo rẹ̀ ló ń lé májèlé náà jáde. Ní 1981, ọ̀dá mú ní àríwá Mòsáńbíìkì. Gbágùúdá kíkorò nìkan ló kù fún àwọn ènìyàn láti jẹ, ebi kò sì jẹ́ kí wọ́n fún un ní ọjọ́ rẹ̀ pé. Ó ju ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn lọ, obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù, tí ẹsẹ̀ wọn le gbandi, tí wọn kò lè rìn dáadáa mọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ń gé ọjọ́ kúrò nínú iṣẹ́ gàrí torí ọjà Ikpinlè ti kù sí dẹ̀dẹ̀, kó mọ ohun tó ń gé.

Àkàrà ní tirẹ̀, àwa la fi ránṣẹ́. Àwọn ìyá wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia kò gbé ọlọ dání, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn bá wọn lọ. Títí dòní, àwọn obìnrin ń dín in nínú epo pupa ní ìgboro Salvador, wọ́n ń pè é ní acarajé. Ní 2005, ìjọba Bùràsíìlì kọ ọ́ sínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè wọn. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí wọ́n kọ: kì í ṣe ẹ̀wà, iṣẹ́ àwọn ìyá alákàrà ni.

Nílé ńkọ́? Irú ń bá Maggi du ipò nínú ọbẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: a ó se irú fún odindi ọjọ́ kan, a ó bó èèpo rẹ̀, a ó fọ̀ ọ́, a ó tún un sè, a ó bò ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Magí kò gbà ju kí a já bébà rẹ̀ lọ. Bísíkíìtì sì ti gba ipò àádùn lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Bẹ́ẹ̀, àádùn kò le: ẹ yan ife àgbàdo gbígbẹ mẹ́ta títí yóò fi pọ́n, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ fi ìdajì ife epo pupa, iyọ̀ díẹ̀ àti oyin tàbí ṣúgà pò ó. Ẹni tó bá fẹ́ lè fi ata gígún díẹ̀ sí i. Ẹ fún un mọ́wọ́, ẹ dì í séwé.

Bí mo bá bi àwọn ọmọ kíláàsì mi pé ọjọ́ mélòó ni àgbàdo ẹ̀kọ ń lò nínú omi, díẹ̀ ló ń dáhùn. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Kò sí ìwé tí wọ́n ti lè kà á.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí a fi ń yẹ́ àwọn ìyá wa sí, UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001, ó sì wọ ìwé àjogúnbá ayé ní 2008, fún Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Sẹ̀nẹ̀gà mú ceebu jën wọ ìwé kan náà ní 2021, Côte d'Ivoire mú attiéké tiwọn wọ̀ ọ́ ní 2024. Gbágùúdá náà ni attiéké. A ti yẹ ìyá sí nínú agọ̀ àti nínú orin. Ó ku ìdí ààrò.

Nítorí náà, mo bẹ kọ́múùnù wa àti ẹgbẹ́ wa. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà jókòó ti àwọn ìyá àgbà, láti Adja-Ouèrè dé Massè, Kpoulou, Oko-Akarè, Tatonnonkon àti Ikpinlè. Kí wọ́n kọ oúnjẹ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀: ìwọ̀n rẹ̀, iye ọjọ́ rẹ̀, ewé rẹ̀, àti ìdí tí a fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá, torí pé rò, sẹ́, jọ̀, pò àti pọ́n kì í ṣe iṣẹ́ kan náà, ẹni tó bá sì pàdánù ọ̀rọ̀ náà yóò pàdánù iṣẹ́ náà. Kí kọ́múùnù tẹ̀ ẹ́, kó di ìwé kíkà nínú àwọn kíláàsì wa.

Kí ọdún yìí yabo. Kí àwọn ìyá wa pẹ́ fún wa, kí ọwọ́ wọn má sì bá wọn lọ.