Ajá Tí Apá Alájá Kò Ká

Bí ajá bá pa ènìyàn, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí wa lẹ́nu ni pé ajá dìgbòlugi ni. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún sọ, ó sì ń dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n orúkọ àìsàn ni. Kòkòrò àìfojúrí ló ń fa dìgbòlugi. Inú itọ́ ajá tó gé ènìyàn jẹ ló máa ń gbà wọlé, bí àmì rẹ̀ bá sì ti yọ lára aláìsàn, ikú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń jẹ́ òpin rẹ̀. Ajá tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní eléwu yàtọ̀ pátápátá. Ara rẹ̀ le, ó ń jẹun dáadáa, ó sì lè jẹ́ àárín àwọn ọmọ ilé ló ń sùn. Ẹni tó bá pe irú ajá bẹ́ẹ̀ ní dìgbòlugi ti kọ́ òǹkàwé pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ló kù tí a kò fún un, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ẹni tó ń sìn ín ni ọ̀rọ̀ wà.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ló ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù àti àwọn ìlú mìíràn ní Bìrìtìkó, tí òfin ajá ibẹ̀ sì de àwọn náà. Nílé níbí, àwọn ajá ńláńlá bíi Rottweiler àti Boerboel ti pọ̀ lẹ́yìn géètì ní Èkó àti Ìbàdàn. Tí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ewu yìí ní Yorùbá, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ tí a bá lò fi yé ènìyàn lójú ẹsẹ̀ ta ni yóò jẹ́jọ́, kí ló yẹ kó ti ṣe, àti ìgbà wo ló yẹ kó ti ṣe é. Ìlànà tí mo fẹ́ fi wọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí òfin fúnra rẹ̀. Ọdún 1991 ni ilé aṣòfin Bìrìtìkó ṣe Òfin Ajá Eléwu, nígbà tí Kenneth Baker jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, lẹ́yìn tí ajá ti ṣe àwọn ènìyàn léṣe gidigidi tí ariwo sì gba ìlú. Abala kìíní rẹ̀ fòfin de oríṣi ajá mẹ́rin: Pit Bull Terrier, Japanese Tosa, Dogo Argentino àti Fila Brasileiro. Ibí yìí ni atúmọ̀ èdè ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, torí Yorùbá ní ọ̀rọ̀ méjì tí kò yẹ kó dà pọ̀. Ìran ajá ni ìdílé tó ti wá: bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀, àwọn tó bí wọn. Irú ajá ni bí ó ṣe rí lójú: gíga rẹ̀, orí rẹ̀, àyà rẹ̀, ìdúró rẹ̀. Irú ni òfin yìí mẹ́nu kàn. Ní ọdún 1993, àwọn adájọ́ là á sílẹ̀ pé irú gbòòrò ju ìran lọ, torí náà ajá tí ẹnikẹ́ni kò mọ bàbá rẹ̀ lè bọ́ sábẹ́ ìfòfindè nítorí ìrísí rẹ̀. Bí ìjọba bá sì ti fẹ̀sùn kàn pé ajá kan jẹ́ irú tí a fòfin dè, alájá ni yóò mú ẹ̀rí wá pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kọ ìran síbi tó yẹ kó kọ irú lè mú kí alájá rò pé ìwé ìbí ajá yóò gba òun sílẹ̀.

Ní ìparí ọdún 2023, lẹ́yìn ọ̀wọ́ ikú tí ajá fà, wọ́n fi irú karùn-ún kún un: XL Bully. Ìwọ̀n ni wọ́n fi dá a mọ̀. Akọ tó bá ti dàgbà yóò ga tó sẹ̀ǹtímítà 51 ó kéré tán, láti ilẹ̀ dé èjìká, abo yóò sì ga tó 48, yàtọ̀ sí àwọn àmì ara mìíràn. Láti ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún náà, ó di èèwọ̀ ní England àti Wales láti mú un bímọ, láti tà á, láti fi tọrẹ tàbí láti já a sílẹ̀ ní ìgboro. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2024, ẹnikẹ́ni kò lè ní i mọ́ àfi tó bá ní ìwé kan lọ́wọ́. Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń pe ìwé yìí ní ìwé àṣẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ṣì de irú ajá náà. Ajá kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n yọ kúrò lábẹ́ rẹ̀, lórí májẹ̀mú. Ìwé ìyọkúrò ló yẹ ká máa pè é, kí ẹni tó ní i má bàa rò pé òun lè ra òmíràn.

Àwọn májẹ̀mú náà ní orúkọ tiwọn. Òfin ní kí a fi okùn mú ajá náà ní ìta, kí ẹni tó mú un ti pé ọmọ ọdún 16, kí a sì di ajá lẹ́nu. Àwọn kan ń pe ohun tí a fi ń di í lẹ́nu ní ìjánu. Ìjánu ti ẹṣin ni; inú ẹnu ló ń wà, bí ẹlẹ́ṣin bá sì fẹ́ yà sọ́tùn-ún tàbí sósì ló wúlò. Ẹṣin tó wọ ìjánu ṣì lè gé ènìyàn jẹ. Ìdinu ni mo fara mọ́, torí a ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé a di ẹran lẹ́nu. Òfin tún ní kí ajá má lè bímọ mọ́. Ní ti akọ, ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀: a tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Ní ti abo, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ní gbangba pé a ṣe iṣẹ́ abẹ fún un kó má lè lóyún mọ́. Ìdójútòfò náà wà, èyí tí yóò san owó fún ẹni tí ajá bá ṣe léṣe. Ẹ̀rọ ìdánimọ̀ abẹ́ awọ, tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, ti di dandan fún gbogbo ajá ní England láti ọdún 2016.

Síbẹ̀, abala kẹta òfin náà ló kan gbogbo alájá, irú ajá yòówù kó ní. Ó dá ẹni tí ajá rẹ̀ bá kọjá ìkáwọ́ débi ewu lẹ́bi. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí ajá tó bọ́ lọ́wọ́ alájá, a ti ṣìnà, nítorí ajá tí okùn wà lọ́rùn rẹ̀ náà lè rú òfin yìí. Yorùbá ti ní ohun tí a ń pè é: apá alájá kò ká a. Gbólóhùn yìí fi ojú sí ara ènìyàn, níbi tí òfin pàápàá fojú sí. Kò tilẹ̀ pọn dandan kí ajá ti gé ẹnikẹ́ni jẹ. Ó tó bí ìdí bá wà tí ènìyàn fi lè fòyà pé yóò ṣe òun léṣe. Ìfòyà ló bá a mu, nítorí ìfòyà máa ń ṣáájú ìpalára.

Láti ọdún 2014, òfin yìí dé ibi gbogbo, títí kan inú ilé alájá fúnra rẹ̀, àfi níbi tí ẹni tí ajá kọlù bá jẹ́ ẹni tó wọlé onílé láìgbàṣẹ. Ó mú alájá, ó sì lè mú ẹni tí ajá wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ lásìkò náà. Bí ènìyàn bá kú, ẹ̀wọ̀n lè tó ọdún 14. Bí ènìyàn bá fara pa, ó lè tó ọdún márùn-ún.

Abala kìíní àti abala kẹta yìí ló bí àríyànjiyàn tí kò tíì tán. RSPCA, àjọ tó ń dáàbò bo ẹranko, àti àwọn dókítà ẹran ní Bìrìtìkó ti ń bẹnu àtẹ́ lu fífi ìrísí dá ajá lẹ́jọ́. Nílẹ̀ Scotland, òfin ọdún 2010 fún ìjọba ìbílẹ̀ lágbára láti fi ìwé ìkìlọ̀ lé alájá lọ́wọ́ bí apá rẹ̀ kò bá ká ajá rẹ̀, irú yòówù kí ajá náà jẹ́. Ẹ jẹ́ ká pe ọ̀nà méjèèjì ní òfin irú àti òfin ìwà. Ní tèmi, òfin ìwà ló lè gba ẹ̀mí là jù, torí kò dúró de orúkọ ajá kó tó bi alájá léèrè.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tó ń dà wá láàmú nílé níbí: rorò. A máa ń fi ajá tó rorò yangàn. Owó rẹ̀ máa ń wọ́n, a sì máa ń kọ ìkìlọ̀ sára géètì bí ẹni pé ìkìlọ̀ náà ti sọ wá di aláìlẹ́bi. Rorò jẹ́ ìṣesí ajá. Eléwu ni ohun tí ìṣesí náà lè fojú ọmọ tó ń kọjá rí. Ẹni tó ń ta ajá gbọ́dọ̀ sọ méjèèjì fún ẹni tó fẹ́ rà á.

Bákan náà, ẹ má ṣe jẹ́ ká fi àdàpè bo ikú. Bí adájọ́ bá pàṣẹ kí a fi abẹ́rẹ́ pa ajá, ẹ kọ ọ́ pé kí a pa á, ẹ má kọ pé kí a mú un sùn. Títí di ọdún 1997, òfin kò fún adájọ́ láyè láti dá ajá tó jẹ́ irú tí a fòfin dè sí, tí kò bá ti ní ìwé ìyọkúrò. Lónìí, ó lè pàṣẹ ìpa tó dúró lórí májẹ̀mú: bí alájá bá mú májẹ̀mú ṣẹ, ajá yóò yè. Bí ajá bá sì pa ènìyàn, ẹ kọ ọ́ pé ajá pa ènìyàn, kí ẹ sì kọ ẹni tí ajá wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ sínú gbólóhùn kan náà.

Èyí kì í ṣe tuntun sí wa. Gbogbo ẹni tó ti ka Ẹ́kísódù orí 21 ló mọ ìdájọ́ màlúù tó ń kan ènìyàn: bí wọ́n bá ti kìlọ̀ fún olówó rẹ̀ tí kò so ó, tí màlúù náà sì pa ènìyàn, ọ̀ràn ti di ti olówó rẹ̀. Ẹ̀yin oníròyìn, ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, ẹ̀yin atúmọ̀ èdè ní ilé ẹjọ́, ẹ fi dìgbòlugi sílẹ̀ fún àìsàn. Ẹ sọ fún àwọn ènìyàn wa nílé àti lókè òkun pé ẹni tí apá rẹ̀ kò bá lè ká ajá, kó má ṣe rà á.