Kí sangria tó dé: ìtàn ọtí eléso láti Ọ̀wọ̀ dé Ọ̀sẹ́

Bí ẹ bá wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ rọra gbọ́ wa. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀ ń kà á lórí fóònù ni, ẹ jókòó dáadáa, torí ọ̀rọ̀ òní dùn, ó sì ní ìkìlọ̀ nínú.

Àbúrò mi kan, ọmọ Ọ̀wọ̀ tó ń gbé Èkó, ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó fẹ́ lọ sílé fún ọdún Igogo, ó sì fẹ́ kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ sí ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe sangria? Mo fẹ́ gbé nǹkan tí ojú ò rí rí wá sí Ọ̀wọ̀." Ó fi fídíò kan tì í lẹ́yìn: ìgò fífẹ̀ kan, wáìnì pupa, ọsàn tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, yìnyín, àwọn òyìnbó tó ń rẹ́rìn-ín nínú oòrùn.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, àbúrò, ojú ti rí i o. Orúkọ nìkan ni ojú ò tíì rí. Bí ọ̀rọ̀ òní ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti sangria fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Spain ni. Inú "sangre", ìyẹn ẹ̀jẹ̀, ni wọ́n ti fa orúkọ náà yọ, nítorí àwọ̀ rẹ̀. Wáìnì pupa, èso, ṣúgà díẹ̀, nígbà míràn ọtí líle díẹ̀. Oúnjẹ àwọn èèyàn lásán ni: bí wáìnì ò bá fi bẹ́ẹ̀ dára, èso á bò ó láṣìírí. Ibi ìpàtẹ àgbáyé tí wọ́n ṣe ní New York ní 1964 sí 1965, níbi àgọ́ orílẹ̀-èdè Spain, ni ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ti kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Láti ibẹ̀ ló ti di ohun mímu gbogbo ayé. Nígbà tó di 2014, àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin: ọtí tí wọ́n bá ṣe ní Spain tàbí Portugal nìkan ló lè jẹ́ "sangria" gbalasa lára ìgò. Bí orílẹ̀-èdè Yúróòpù mìíràn bá ṣe é, ó gbọ́dọ̀ kọ ibi tó ti wá mọ́ ọn.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ohun mímu àwọn tálákà, tí wọ́n ń pò nínú ìkòkò, ni odidi ilẹ̀ Yúróòpù jókòó ṣòfin lé lórí. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwa ńkọ́? Ta ló ń dáàbò bo orúkọ tiwa?

Ní tiwa, ọtí wà nínú ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ: Olódùmarè rán Ọbàtálá wá dá ayé, ó mu ẹmu yó lọ́nà, ó sùn, Odùduwà sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùsìn Ọbàtálá kì í fi í mu ẹmu títí dòní. Ọmọ Odùduwà yẹn kan náà, Ojúgbẹ́lú, ni ìtàn Ọ̀wọ̀ sọ pé ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ jáde ní Ifẹ̀, tí ìran rẹ̀ fi tẹ ìlú Ọ̀wọ̀ dó. Torí náà, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé àwa ò ní ìtàn ọtí, ẹ sọ fún un pé ọtí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ìtàn wa padà kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹmu tí wọ́n ń dá lára ọ̀pẹ, àti ògùrọ̀ tó ń ti ibi tí omi wà wá, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó ṣe ń kán sínú akèrègbè ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kan, torí ìwúkàrà inú afẹ́fẹ́ ti wọ inú rẹ̀. Àárọ̀, ó dùn bí oyin. Ìrọ̀lẹ́, ó ti le. Ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, ó ti ń lọ sí ọ̀nà ọtí kíkan. Ìdí nìyẹn tí ẹmu fi jẹ́ ọtí àdúgbò: o ò lè kó o jìnnà. Ẹni tó bá fẹ́ mu ún gbọ́dọ̀ súnmọ́ ẹni tó ń gùn ún.

Ẹ̀gbọ́n sangria gan-an, lójú tèmi, ni àgàdàgídí.

Mélòó nínú yín ló ti mu ún rí? Mo mọ̀ pé kò pọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni wọ́n fi ń ṣe é, èyí tó ti pọ́n kọjá dòdò, tí èèpo rẹ̀ ti dúdú, tí ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó máa ń jù sínú pàǹtí. Wọ́n á bó o, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á kó o sínú ìkòkò omi, wọ́n á dé e. Kò sí pé ẹnì kan fi ìwúkàrà sí i. Ìwúkàrà tó wà lára èso náà fúnra rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ó á máa hó, á máa yọ ìfófó, á máa ta òórùn dídùn. Lẹ́yìn bí ọjọ́ méjì sí mẹ́rin, wọ́n á sẹ́ ẹ. Ohun tó bá jáde dùn, ó kan díẹ̀, ó sì máa ń pa èèyàn díẹ̀díẹ̀. Ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, ìpàdé ẹgbẹ́: ibẹ̀ ni ipò rẹ̀.

Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Láti Ìpele títí dé Ìfọ́n àti Ìdóàní, ilẹ̀ igbó ni, ilẹ̀ kòkó sì ni. Ẹni tó bá gbin kòkó tuntun máa ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sáàárín rẹ̀ kí ó lè ṣíji bo ọmọ kòkó. Kòkó, òyìnbó ló ń rà á. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ilé ló ń jẹ ẹ́. Èyí tó bá sì pọ́n jù, tí ọjà kò gbà mọ́, kò gbọdọ̀ ṣòfò: á di ọtí. Bí àwọn ará Spain ṣe ń fi èso gba wáìnì tí kò dára là, bẹ́ẹ̀ làwọn ìyá wa ṣe ń fi ìkòkò gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù là.

Kí wá ló dé tí a ò fi mọ̀ ọ́n mọ́?

Ọtí òkèèrè ni ìdáhùn kìíní. Kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó dé tinútinú ilẹ̀ wa ni jíìnì ti ń wọlé láti Holland àti Jámánì nínú àpótí. Owó ibodè tí wọ́n ń gbà lórí rẹ̀ wá di ọ̀kan nínú orísun owó tó tóbi jù lọ fún ìjọba amúnisìn ní gúúsù Nàìjíríà. Ní 1919, àwọn ìjọba Yúróòpù fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Saint-Germain-en-Laye tó fòfin de ọtí líle olówó pọ́ọ́kú nílẹ̀ Áfíríkà. Èyí tó wọ́n kù, ó sì ń wọlé. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, tí owó kòkó àti epo já wálẹ̀, àwọn èèyàn wa bẹ̀rẹ̀ sí í se ẹmu, wọ́n ń gba oru rẹ̀, ó ń di ògógóró. Ìjọba ní ọtí àìbófinmu ni. Ọlọ́pàá ń wọ igbó, wọ́n ń fọ́ àwọn ìkòkò, wọ́n ń kó àwọn èèyàn lọ sẹ́wọ̀n.

Ìjọba ní ìlera ará ìlú làwọn ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n ọtí tí wọ́n ń gba owó ibodè lórí rẹ̀ kò di àìbófinmu. Èyí tí a fi ọwọ́ ara wa ṣe ló dì í. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Títí dòní, ẹ wo ibi ìdána. Ọtí tí a fi ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ àwọn àna, tí a fi ń pe àwọn baba ńlá wa, ṣínáàpù Holland ni. Àwọn baba ńlá wa ti kọ́ èdè Dutch.

Ìdáhùn kejì ni ìtìjú. Nígbà tí ilé bíà dé, àgàdàgídí di ọtí ará oko. Àwọn olóyè ìjọba ní Èkó ní ibi ìgbádùn tiwọn. Ikoyi Club, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1938, ti àwọn òyìnbó ni níbẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n máa ń sọ pé Chapman ti bẹ̀rẹ̀, pé agbọ́tí kan tó ń jẹ́ Sam Alamutu ló pò ó fún oníbàárà kan tó ń jẹ́ Chapman. Ẹ wò ó: Fanta, Sprite, omi ṣúgà pupa, bítà díẹ̀, apálá àti ọsàn wẹ́wẹ́. Pupa ni, èso wà nínú rẹ̀, nínú ife ńlá. Tí ìtàn yẹn bá jẹ́ òótọ́, ọwọ́ aláwọ̀ dúdú ló ṣe é, orúkọ ẹni tó mu ún ni wọ́n sì fi pè é.

Pupa kẹta ni zobo. Orúkọ rẹ̀ ti àríwá wá, ṣùgbọ́n ìṣápá ni ewéko náà, a sì mọ̀ ọ́n dáadáa: èyí tí kò pupa là ń fi se ọbẹ̀ ìṣápá pẹ̀lú ẹ̀gúsí. Ní Senegal, bissap ni. Ní Jamaica, sorrel ni, àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa sì ń fi atalẹ̀ sè é nígbà Kérésì, wọ́n ń fi ọtí ìrèké sí i. Nítorí náà, àwọn ẹbí wa tó wà ní òdìkejì òkun ti ń ṣe "sangria" tiwọn láti ọjọ́ pípẹ́.

Mo ní ọ̀rọ̀ òní ní ìkìlọ̀ nínú. Òun rèé.

Ní oṣù kẹrin 2015, ní Òde-Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí kan náà, àwọn èèyàn ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Orí ń fọ́ wọn, ojú wọn ń ṣú, láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì wọ́n ti lọ. Ó lé ní èèyàn 15. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Àwọn kan ní oògùn apakòríko ni. Àyẹ̀wò ló fi hàn pé methanol ni, nínú ọtí tí wọ́n mu. Láàárín oṣù díẹ̀, ó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers náà, ìjọba àpapọ̀ sì fòfin de títa ògógóró.

Methanol kì í ṣe ọtí mímu; ti ilé-iṣẹ́ ni. Kò ní òórùn tó yàtọ̀, kò ní àwọ̀. Ẹni tó bá fi lú ọtí kí ó lè pọ̀ ti di apànìyàn, kódà bí kò mọ̀. Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé nígbà tí ọtí ṣì jẹ́ ti àdúgbò, o mọ ẹni tó ṣe é. O mọ igi ọ̀pẹ náà. O mọ ìyá tó ni ìkòkò. Nígbà tí ó di ohun tí wọ́n ń dé sínú kẹ́ẹ̀gì láìmọ orísun rẹ̀, ìgbẹ́kẹ̀lé lọ, ẹ̀mí sì bá a lọ. Ìfòfindè nìkan kò lè dá ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn padà. Ìmọ̀ ló lè dá a padà.

Ó dáa. Àbúrò mi ṣì ń dúró. Kí ni mo sọ fún un?

Mo kọ́kọ́ sọ fún un pé "summer" kò sí ní Ọ̀wọ̀. Oṣù keje sí ìkẹjọ, òjò ni. Igogo, ní oṣù kẹsàn-án, ni àpéjọ tiwa: ọjọ́ 17 tí wọ́n fi ń rántí Ọ̀rọ̀nsẹ̀n, ìyàwó Olọ́wọ̀ Rẹ̀rẹ̀ngẹ̀jẹ̀n, tí Ọlọ́wọ̀ máa ń di irun bí obìnrin, tí agogo máa ń dún dípò ìlù. Ìgbà iṣu tuntun ni.

Fún ìkòkò kìíní, tí gbogbo èèyàn lè mu, àtọmọdé àtàgbà: ife ìṣápá gbígbẹ méjì, omi lítà méjì. Fi atalẹ̀ tí o gún àti kanáfùrù mẹ́rin tàbí márùn-ún sí i, sè é fún bí ìṣẹ́jú 20, sẹ́ ẹ, jẹ́ kó tutù. Gé ọ̀pẹ òyìnbó ìdajì àti ọsàn méjì sínú rẹ̀. Ó di inú fíríìjì títí ilẹ̀ á fi mọ́. Má fi ṣúgà sí i kó o tó tọ́ ọ wò. Ọ̀pẹ òyìnbó ti ṣe iṣẹ́ yẹn. Aboyún kí ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ kó tó mu ìṣápá.

Fún ìkòkò kejì, ti àwọn tó ti pé ọdún 18 tí wọn kò sì ní wakọ̀: ìgò wáìnì pupa kan tí èdìdì rẹ̀ ṣì pé, ọsàn méjì, ápù kan, ọ̀pẹ òyìnbó díẹ̀, ṣíbí ṣúgà méjì. Kí èso mu wáìnì lóru. Ìgbà tí o bá fẹ́ bù ú ni kó o tó fi yìnyín àti sódà sí i. Má fi ọtí líle tí o kò mọ orísun rẹ̀ kún un, bó ti wù kó kéré tó.

Ìkòkò kẹta ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má gbàgbé. Mo ní kó lọ bá ìyá bàbá rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú àríyá, kó mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti dúdú dání, kó sọ pé: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi ní àgàdàgídí." Kó fi fóònù ká ohùn wọn sílẹ̀. Kó rí i pé ìkòkò mọ́, kó má sì rọ ọ́ sínú ìgò kó dé e pinpin, torí ó ṣì ń hó, ìgò á bú.

Ó dá mi lóhùn lálẹ́ ọjọ́ kejì. Ó ní màmá náà rẹ́rìn-ín fún ìgbà pípẹ́ lórí fóònù, wọ́n wá béèrè pé: "Ta ló sọ fún ọ pé mo mọ̀ ọ́n ṣe?"

Ẹ̀yin náà, ẹ lọ béèrè. Ó lè jẹ́ ìyá yín, ó lè jẹ́ aládùúgbò. Ẹ fi ohùn wọn ránṣẹ́ sí wa, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn, ká lè lò ó nínú ètò tó ń bọ̀. Ẹ máa mu ún níwọ̀n o. Ó dìgbà.